Olùdámọ̀ràn Olórí Ọ̀daràn

Ní ilẹ̀ Itálì, bí ènìyàn bá sọ pé consigliere ni òun, kò sí ẹni tí yóò sá fún un. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ju olùdámọ̀ràn tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ lọ. Bí ìlú ti wù kí ó kéré tó, ó ní àwọn consigliere tirẹ̀ tí wọ́n ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí títì, lórí omi àti lórí owó ìlú. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àti níbi gbogbo tí a ti ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí a ti ń wo sinimá, bí a bá ti dárúkọ oyè yìí, irú ọkùnrin kan ni ó máa ń wá sọ́kàn àwọn ènìyàn: ọkùnrin tí ó múra dáradára, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún olórí àwọn apànìyàn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì di ìbọn mú. Ìwé kan ni ó gbé orúkọ rere yìí dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Ìwé náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò, kí a sì fi í wé ohun tí àwọn tí ó wà nínú iṣẹ́ náà ní tòótọ́ wá sọ lábẹ́ ìbúra.

Mario Puzo ni ó kọ ọ́. Ní ọdún 1920 ni a bí i ní New York. Ìhà gúsù ilẹ̀ Itálì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, tálákà sì ni wọ́n. Ó ti kọ ìwé ìtàn-àròsọ fún àgbàlagbà ṣáájú, ọ̀kan ní 1955, òmíràn ní 1965. Àwọn tí ó mọ ìwé yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ìyìn kò san gbèsè, gbèsè sì ti wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Nígbà náà ni ó pinnu pé èyí tí yóò tà ni òun yóò kọ. The Godfather jáde ní 1969, orúkọ tí àwa ará Ìjọ ìbá túmọ̀ sí Baba Ìsàmì, ó sì tà kọjá ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní gbangba pé títí òun fi kọ ìwé náà tán, òun kò bá ojúlówó ọ̀daràn kankan pàdé rí. Ìwádìí ni òun fi kọ ọ́. Ó tún sọ pé nígbàkígbà tí òun bá ń fi ọ̀rọ̀ sí Don Corleone, olórí ọ̀daràn inú ìtàn náà, lẹ́nu, ohùn ìyá òun ni òun ń gbọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ohùn abiyamọ tí ó fi ìṣẹ́ tọ́ ọmọ ni ó ń ti ẹnu apànìyàn jáde. Abájọ tí òǹkàwé fi ń fẹ́ràn ọkùnrin náà kí ó tó rántí bi ara rẹ̀ léèrè pé irú ẹni wo ni.

Nínú ìwé yìí ni Tom Hagen wà. Kì í ṣe ọmọ Sísílì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ Itálì rárá. Ìran Jámánì àti Áílándì ni. Ọ̀mùtí ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ fọ́jú kí ó tó kú, òun náà sì ń rìn kiri ìgboro pẹ̀lú àrùn ojú. Santino, àkọ́bí Don Corleone, ni ó fà á lọ́wọ́ wá sílé, tí ó sì takú pé ọ̀rẹ́ òun gbọdọ̀ máa bá àwọn gbé. Don fún un ní oúnjẹ, ó fún un ní ibùsùn, ó mú kí a tọ́jú ojú rẹ̀ títí ó fi sàn. Kò sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀ lábẹ́ òfin, nítorí ó kà á sí ìwà àìlọ́wọ̀ sí baba àti ìyá tí ó bí ọmọ náà. Ó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ títí ó fi di lọ́yà. Bí ó sì ti di lọ́yà tán, Hagen tọ Don lọ, ó ní òun fẹ́ sìn ín bí àwọn ọmọ tí ó bí ti ń sìn ín.

Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ìtàn báyìí? Ọmọ aláìlẹ́nìkan tí a gbà tọ́, tí kò sì gbàgbé oore. Bí a bá kà á dé ibí yìí tí a sì pa ìwé dé, a lè fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni oore tí Don ṣe. Kò ṣe é pẹ̀lú ẹ̀tàn. Ohun tí a fi san án padà ni ó burú, èyí sì ni Puzo fi rọra gbé òǹkàwé wọ inú ilé náà láìjẹ́ pé ó fura.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí a gbé lé Hagen lọ́wọ́. Bí Don bá fẹ́ kí a pa ènìyàn, kì í pe ẹni tí yóò pa á. Consigliere rẹ̀ nìkan ni yóò pè, láìsí ẹlẹ́rìí; consigliere yóò sọ fún ọ̀kan nínú àwọn balógun; balógun yóò sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú ẹni tí ó yìnbọn, ẹnu rẹ̀ kò lè kan Don, nítorí kò gbọ́ ọ lẹ́nu Don. Láti fa okùn náà dé ìdí rẹ̀, àfi kí olùdámọ̀ràn yíjú padà. Nítorí náà gbogbo ilé náà dúró lórí ìṣòótọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Puzo sì fi dá òǹkàwé rẹ̀ lójú pé nínú gbogbo ìdílé ńlá tí àwọn ará Sísílì dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí consigliere kan tí ó da Don rẹ̀ rí. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Genco Abbandando ni ó wà ní ipò náà ṣáájú Hagen, ọmọ Sísílì nípa ẹ̀jẹ̀, ọ̀rẹ́ Don láti ìgbà èwe wọn. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin Don, ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, ọjọ́ tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, Genco wà ní ilé-ìwòsàn, àrùn jẹjẹrẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí Don dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró ti òun, nítorí bóyá ikú yóò rí i, yóò sì bẹ̀rù rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé náà, kò sí ibi tí ó ká wa lára tó ibí yìí. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ibi tí agbára ọ̀gá rẹ̀ mọ, òun ni ó wá gbàgbọ́ nígbà ìkẹyìn pé agbára náà kò ní òpin.

Hagen gba ipò náà, àwọn ìdílé yòókù sì ń fi ilé Corleone ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ẹgbẹ́ àwọn ará Áílándì. Iṣẹ́ ńlá kìíní tí a rán an ni ti Hollywood. Ọmọ ìsàmì Don, akọrin kan tí ń jẹ́ Johnny Fontane, ń wá ipò nínú sinimá kan. Jack Woltz, tí ó ni ilé-iṣẹ́ sinimá náà, kọ̀ jálẹ̀. Hagen lọ bá a. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, a bú u, kò bínú. Ó jẹun lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Woltz jí ní òwúrọ̀ tí ó rí orí ẹṣin rẹ̀, èyí tí ó fẹ́ràn ju gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ, lórí ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Hagen kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. A lè búra fún èyí ní ilé-ẹjọ́, ìbúra náà yóò sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rẹ̀ kò bá ṣáájú, ta ni ìbá mọ ohun tí orí ẹṣin náà ń wí?

Bí a bá béèrè bóyá olùdámọ̀ràn rere ni, àní nínú iṣẹ́ ibi náà, ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sollozzo mú òwò oògùn olóró wá fún Don. Hagen ní kí a gbà á, nítorí bí àwa kò bá ṣe é, àwọn mìíràn yóò ṣe é, owó rẹ̀ ni wọn yóò sì fi ra àwọn ọlọ́pàá àti àwọn adájọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Don kọ̀: ó mọ̀ pé àwọn adájọ́ tí ń di ojú sí tẹ́tẹ́ kò ní di ojú sí oògùn olóró. Nígbà tí Sollozzo mú kí a yìnbọn lu Don ní ìgboro, ó mú kí a gbé Hagen pamọ́ ní ọjọ́ kan náà, kì í ṣe láti pa á, bí kò ṣe láti bá a sọ̀rọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí Don bá ti kú, lọ́yà yìí ni ẹni tí yóò gba àlàyé, tí yóò sì lọ tu Santino lójú. Ẹ wo irú ìyìn tí ọ̀tá fún un! Ẹni tí ọ̀tá bá lérò pé ó lè gbọ́ àlàyé lórí òkú baba rẹ̀, inú ilé baba náà kò lè dùn sí i pátápátá.

Don kò kú. Ṣùgbọ́n Santino, tí ó di ipò mú, gbóná jù, kò sì gbọ́ ìmọ̀ràn. Àwọn ọ̀tá pa á ní ẹnubodè tí a ti ń san owó títì. Hagen ni ó ní láti sọ fún baba tí ń ṣàìsàn pé àkọ́bí rẹ̀ ti lọ, ó sì ní láti mu ọtí kí ó tó rí ẹnu sọ ọ́. Nígbà tí Michael, àbíkẹ́yìn lọ́kùnrin, jọba, ó mú Hagen kúrò ní ipò náà. Ó ní kì í ṣe olùdámọ̀ràn ìgbà ogun. Baba fúnra rẹ̀ ni ó di olùdámọ̀ràn ọmọ. Ẹni tí ó ti fi ọkàn rẹ̀ lélẹ̀ fún ilé yìí wá mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe gbogbo yàrá ni a ti ṣí sílẹ̀ fún òun.

Wàyí o, kí ni ti ayé? Ní 1963, ẹlẹ́wọ̀n kan tí ń jẹ́ Joseph Valachi jókòó níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà ti Amẹ́ríkà, tí Senator John McClellan jẹ́ alága rẹ̀, ó sì tú àṣírí ẹgbẹ́ tí ó pè ní Cosa Nostra. Nínú ìtàn rẹ̀, lẹ́yìn ogun tí àwọn ẹgbẹ́ New York bá ara wọn jà títí di 1931, Charles Luciano fi àwọn consigliere lélẹ̀ kí wọ́n lè máa dáàbò bo àwọn ọmọ ẹ̀yìn lásán, kí balógun má ṣe máa pa ẹni tí ó bá ní sínú láti ìgbà ogun láìjẹ́ pé a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ní 1984, Tommaso Buscetta, ará Sísílì, ṣe àlàyé fún adájọ́ Giovanni Falcone pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní olórí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yàn, ó ní igbákejì, ó sì ní olùdámọ̀ràn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a gbé ẹjọ́ ńlá Palermo kalẹ̀ ní 1986, tí a dá àwọn 338 lẹ́bi nígbà tí ó parí ní oṣù kejìlá ọdún 1987. A pa Falcone fún un ní 1992.

Ẹ rí i pé ohun tí Valachi ṣàpèjúwe yàtọ̀ sí ti Puzo. Nínú ìwé, consigliere jẹ́ ẹnu Don sí àwọn ènìyàn. Lẹ́nu Valachi, odi ni ó jẹ́ fún ẹni kékeré lọ́dọ̀ ẹni ńlá. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ jókòó síbẹ̀ ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ sì gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ Itálì. Meyer Lansky mọ̀ bẹ́ẹ̀. Júù ni, tí a bí ní Grodno ní 1902, tí ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọmọdé. Láti ìgbà èwe ni òun àti Luciano ti jọ ń rìn, orí rẹ̀ nínú ìṣírò owó kò láfiwé, òun ni ó sì ń darí ilé tẹ́tẹ́ ní Havana ní ilẹ̀ Kúbà kí ìjọba Batista tó ṣubú ní 1959. A ń gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mú un wọ ẹgbẹ́ títí ó fi kú ní 1983. Kò sí Tom Hagen kan tí ó di ipò consigliere mú nínú ìtàn tòótọ́. Puzo ni ó dá a, nítorí ó nílò àlejò kan nínú ilé náà, tí àwa àlejò yóò máa fi ojú rẹ̀ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Nípa ìṣòótọ́ wọn ńkọ́? Ní 1968 òfin fún ìjọba Amẹ́ríkà láyè láti máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú àṣẹ adájọ́. Ní 1970, ọdún kan lẹ́yìn ìwé Puzo, òfin mìíràn jáde tí ó jẹ́ kí a lè so ẹni tí ó gbèrò pọ̀ mọ́ ẹni tí ó yìnbọn nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Okùn tí Puzo ṣàpèjúwe kò ṣe é fi sá pamọ́ mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, Christopher Furnari, consigliere ìdílé Lucchese, wà lára àwọn mẹ́jọ tí a dá lẹ́bi ní New York. Ẹ̀wọ̀n 100 ọdún ni a dá fún un.

Ṣùgbọ́n Salvatore Gravano ni ó sọ ọ̀rọ̀ Puzo di asán. Ní Brooklyn ni a bí i ní 1945. Ó wo sinimá tí Francis Ford Coppola fi ìwé náà ṣe ní 1972, nígbà tí a kò tíì mú un wọ ẹgbẹ́ ní kíkún, ó sì sọ lẹ́yìn náà bí ó ti ya òun lẹ́nu tó, nítorí ó dà bí ẹni pé ayé àwọn gan-an ni a gbé kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀: òǹkọ̀wé tí kò mọ ọ̀daràn kan ni ọ̀daràn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí rẹ̀! Ní 1976 ó di ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1985, a pa Paul Castellano, olórí ìdílé Gambino, níwájú ilé oúnjẹ kan ní New York. John Gotti ni ó gbèrò rẹ̀, Gravano sì jókòó tì í nínú ọkọ̀ nítòsí. Gotti di olórí. Gravano di consigliere rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di igbákejì rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1990 a mú àwọn méjèèjì papọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ti fi ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ pamọ́ sínú yàrá kan lókè ilé ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí a tan ohùn náà ní ilé-ẹjọ́, Gravano gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: pé òun ni ó máa ń béèrè pé kí a pa èyí, kí a pa tọ̀hún, pé owó ni ó sì ń lé kiri. Ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá le, orí òun ni ẹ̀bi yóò dà lé. Ní 1991 ó bá ìjọba ṣe àdéhùn. Ní 1992 ó gun orí àga ẹlẹ́rìí, ó sì sọ ohun gbogbo, títí kan ìpànìyàn 19 tí òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí. A dá Gotti lẹ́bi ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà, ó sì kú sínú ẹ̀wọ̀n ní 2002. Ọdún 5 péré ni a dá fún Gravano.

Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn kan ní ó ti ronú pìwà dà. Lójú tiwa, kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìmọ̀ràn ni ó gba ara rẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà tí ó fi ń wọn ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀gá rẹ̀, òṣùwọ̀n náà sì fi Gotti sí apá tí ó fúyẹ́. Ibí yìí ni ìtàn-àròsọ ti fi ara pamọ́ fún wa. Puzo fún olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní gbèsè oore, gbèsè tí ọmọlúwàbí kò lè sẹ́. Ìdí nìyí tí Hagen kò fi lè da Don. Ní Mulberry Street, kò sí irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

A kò tíì sọ ohun tí Hagen ṣe tí ó burú jù. Inú sinimá kejì, ti 1974, ni ó wà. Robert Duvall ni ó ṣe ipò náà. Frank Pentangeli, ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ kan, ti gbà láti jẹ́rìí ta ko Michael, ṣùgbọ́n ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tí ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí Michael mú wá láti Sísílì. Ìjọba ṣì ń ṣọ́ ọ, ọwọ́ kankan kò lè tó o. Hagen lọ kí i. Wọ́n ń mu sìgá, wọ́n ń sọ ìtàn Róòmù àtijọ́. Wọ́n jọ rán ara wọn létí pé àwọn tí ó dìtẹ̀ mọ́ Késárì tí ọ̀tẹ̀ wọn kò bọ́ sí i ní àǹfààní kan: bí wọ́n bá lọ sílé, tí wọ́n jókòó nínú omi gbígbóná, tí wọ́n sì gé iṣan ọwọ́ ara wọn, a kò ní gba ohun ìní àwọn ọmọ wọn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, Hagen sì lọ. Nínú omi ni a bá òkú Pentangeli. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn, ẹ wo ohun tí a lè fi ìtàn ṣe! Kò pàṣẹ, kò halẹ̀, kò purọ́ kan. Nígbà tí Ahitofẹli rí i pé a kò tẹ̀lé ìmọ̀ràn òun, ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ní gàárì, ó lọ sílé, ó tún ilé rẹ̀ ṣe, ó sì pokùn so. Ikú ara rẹ̀ ni ó gbà. Hagen ní tirẹ̀ gbé irú ikú bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Puzo fúnra rẹ̀ ṣe parí. Michael ti dúró ní ilé Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí baba ìsàmì fún ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì ti mú kí a pa baba ọmọ náà, Carlo. Kay, aya Michael, mọ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Hagen ni ó wá a lọ. Ó rìn pẹ̀lú rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí lọ́yà ti ń ṣàlàyé ìwé àdéhùn, ìdí tí Carlo kò fi lè wà láàyè. Àlàyé náà lọ́gbọ́n nínú. Kay sì padà sílé ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí a ṣe sinimá kẹta ní 1990, ọ̀rọ̀ owó kò jẹ́ kí Duvall àti àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà rẹ́, nítorí náà a mú un bí ẹni pé Hagen ti kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni a rí níbẹ̀, láàrin àwọn àlejò Michael: Andrew Hagen, àlùfáà nínú Ìjọ Àgùdà.